Boxer àti power bike, ṣé wọ́n lè jọ rìn? Ìbàdàn sí Adó-Àwáyè, ká gba Èrúwà wálé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ojúmọ́ o. A jẹ́ mẹ́fà tó fẹ́ gun máṣìn jáde ní Sátidé, kì í ṣe iṣẹ́ o, fàájì ni. Ìbàdàn la ti máa gbéra, a fẹ́ gun òkè Adó-Àwáyè ká lọ wo adágún Ìyákẹ̀, ká sì sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwa mẹ́ta ń gun Boxer, ẹnì kan ń gun Honda 125, àwọn méjì tó kù ń gun power bike. Àwọn power bike ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni ká gbà já sí Ìsẹ́yìn, pé ibẹ̀ ni máṣìn àwọn ti lè mí. Èmi ní ká gba Mọ́níyà lọ, ká gba Èrúwà bọ̀. Ó di ariwo, wọ́n ní ẹni tí ò bá lè sáré kó jókòó sílé. Ẹ bá wa dá sí i, ta ló jàre?

* * *

Ìdáhùn: Ní ti ọ̀nà, ìwọ lo jàre. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ yẹn, ibẹ̀ ni tírélà tó ń lọ òkè Ọya ń gbà tọ̀sán-tòru, ẹni tó bá ti gun máṣìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà tó gbẹ́rù mọ ohun tí mò ń wí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ tì ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o tó gbára dì á tún ti fà ẹ́ padà. Fàájì wo ló wà ńbẹ̀?

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí ìjọba Mákindé tún ṣe, kìlómítà 65 ni, oko àti igbó lọ́tùn-ún lósì. Ẹ máa gba Ìjàyè kọjá, Ìjàyè Kúrunmí náà nìyẹn o, èyí tí Ìbàdàn fọ́ ní 1862, ẹ sì máa kọjá lórí odò Ògùn kẹ́ ẹ tó wọ Ìsẹ́yìn. Láti Ìsẹ́yìn sí Adó-Àwáyè, bí ogún kìlómítà ni. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ má gba ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lọ padà, ẹ gba Máyà, Lánlátẹ̀, Èrúwà, Ìdó, ẹ ti gba apá kejì wọ Ìbàdàn nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, igba kìlómítà ó lé díẹ̀. Àárọ̀ kùtù lẹ máa gbéra, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án tí gbogbo ayé á ti wà lójú títì.

Ní ti pé kí oní-Boxer jókòó sílé, màá padà wá lórí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n jẹun ná.

* * *

Mo ti dé. Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ sábẹ́ ìdáhùn mi, ọ̀rọ̀ yín pín sí méjì. Àwọn kan ní kí power bike máa sá lọ ní tiwọn, kí wọ́n lọ dúró de àwọn yòókù ní Ìsẹ́yìn. Àwọn kejì ní kí Boxer máa ṣíwájú, kí power bike máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé wọn.

Mi ò fara mọ́ ìkankan níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe pé ẹ jọ rìn, ẹ kàn jọ jẹ àmàlà ní Ìsẹ́yìn ni. Tí táyà ẹnì kan bá jò lẹ́yìn Ìjàyè, ta ló máa mọ̀? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ máa ń bọ̀ láàárín ọ̀nà yẹn, ẹni tó ti dé Ìsẹ́yìn á máa rò pé ẹ̀ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á ti sùn lórí àga. Èyí kejì náà, tẹ́ ẹ bá fi àwọn méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n máa wo ìdí Boxer fún wákàtí méjì, ara wọn á gbóná, ọ̀kan nínú wọn á jára mọ́ ọn lórí kọ́nà téèyàn ò ti lè rí iwájú, á fẹ́ kọjá. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀, ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ló fi igbó gbà wá là.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Power bike kan ṣíwájú, ìyẹn ẹni tó mọ ọ̀nà jù. Power bike kejì kẹ́yìn pátápátá, ìyẹn ẹni tó mọ máṣìn-ín gùn jù lọ nínú gbogbo yín, kì í ṣe ẹni tó ní máṣìn tó wọ́n jù o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí máṣìn rẹ̀ ò lágbára tó, nínú tiyín ó lè jẹ́ Honda 125 yẹn, òun ló máa tẹ̀ lé aṣáájú gan-an, kó lè jẹ́ pé eré tí òun lè sá ni aṣáájú á máa sá. Tẹ́ ẹ bá fi í sẹ́yìn, àwọn tó wà níwájú á máa rìn, òun á máa lé wọn, ẹni tó ń lé èèyàn ló sì máa ń ṣubú.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wo díńgí ẹ, tó ò bá rí iná ẹni yẹn mọ́, dín eré kù. Ẹni tó wà níwájú ẹ náà ò ní rí ẹ mọ́, òun náà á dín tiẹ̀ kù, bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ aṣáájú nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ fóònù. Tẹ́ ẹ bá sì ti dé ìkòríta èyíkéyìí, ẹ dúró títí tẹ́ ẹ fi máa rí ẹni tó kẹ́yìn. Ẹni tó kẹ́yìn ló ni ìrìn yẹn. Òun ló mọ̀ bóyá gbogbo yín pé, òun nìkan ló sì rí ẹ̀yìn gbogbo yín.

Boxer á sá 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan, á jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá tí ọ̀nà bá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àmọ́ ọwọ́ ẹ á máa gbọ̀n tó ò fi ní mọ̀ bóyá o ṣì di ọwọ́ máṣìn mú. Ẹ fi í sí 60 sí 70. Power bike tí kò bá lè fi 70 rìn fún àárọ̀ kan, máṣìn kọ́ ló ń gùn ún yẹn, ìgbéraga ni.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dá sí i. Ẹ ní ká má tò sẹ́yìn ara wa gbọọrọ, ká máa pín ọ̀nà, kí ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, kí èyí tó tẹ̀ lé e wà lápá òsì, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí aṣáájú dúró sápá ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà lọ́dọ̀ yín, torí náà ọ̀tún yín ni àárín títì. Àwa ti kúrò níbẹ̀ láti oṣù kẹrin 1972, ọwọ́ ọ̀tún la ń wà, tí aṣáájú wa bá dúró sápá ọ̀tún, etí títì ló wà yẹn, níbi tí ewúrẹ́ àti òkúta wà. Ní tiwa, apá òsì ni kí aṣáájú wà, kó lè ríran jìnnà, kí ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ náà sì tètè rí i.

Àlàfo: kí àárín ìwọ àti ẹni tó wà níwájú ẹ gan-an jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Tí eré yín bá jẹ́ 60, mítà 33 nìyẹn. Ẹ ò ní fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ wo òpó kan, tí ẹni iwájú bá ti kọjá ńbẹ̀ kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Tí ọ̀nà bá sì ti tóóró tàbí tí kọ́nà bá pọ̀, ẹ pa pínpín tì, ẹ tò lẹ́yìn ara yín, ẹ fi àlàfo sí i. Má tẹ̀ lé ipa táyà ẹni iwájú wọ kọ́nà láìfi ojú ara ẹ wo ọ̀nà, tó bá wọ kòtò ẹ jọ wọ̀ ọ́ nìyẹn.

* * *

Ẹni tó béèrè pé kí ló wà lọ́nà Lánlátẹ̀ sí Èrúwà tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún, ẹ gbọ́. Ẹ̀gẹ́ ni. Àwọn ìyá wa máa ń sá láfún sórí ọ̀dà. Ọ̀dà máa ń gba oòrùn ju ilẹ̀ lásán lọ, kì í sì í jẹ́ kí yanrìn wọ̀ ọ́, láfún á tètè gbẹ. Tẹ́ ẹ bá rí i látọ̀ọ́kán, funfun báláú létí títì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà níbòmíì. Tí táyà bá gun orí ẹ̀ tó ṣì rin, yíyọ̀ ló máa yọ̀, èyí tó ti gbẹ náà ń yí gbiri lábẹ́ táyà.

Ṣùgbọ́n láfún fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Òkúta ni. Ìyá yẹn á to òkúta yí láfún rẹ̀ ká kí mọ́tò má bàa gùn ún, òkúta tó tó orí ọmọ kékeré, ẹ̀ka igi náà nígbà míì. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á kó láfún sínú àpò, á gbé e wọlé, òkúta á sì wà níbẹ̀ di ọ̀la torí ọ̀la ló tún máa lò ó. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ń bọ̀ láago méje alẹ́, tí mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú tan iná sí i lójú, tó wá yà sí ọ̀tún díẹ̀.

Ẹnì kan ti ń kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé kí ìjọba máa mú wọn. Ìjọba mú ta ni? Àwọn ló ń gbé ibẹ̀, Sátidé kan péré lẹ̀ ń kọjá, ẹ sì máa jẹ láfún náà lọ́sàn-án. Àwa ni ká kúrò lọ́nà kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ ti ń kúrò ní Adó-Àwáyè. Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀, gbogbo wa la ń gbọ́ ìròyìn Òkè-Ògùn, ẹ má fi alẹ́ dán nǹkan kan wò ńbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe ẹni tó ń wakọ̀ ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí, torí òjò kan péré lè sọ ibi tó dáa lóṣù tó kọjá di kòtò.

* * *

Ha. Ẹni tó ní ká má fọwọ́ kan búréèkì iwájú, pé ó máa ń dojú èèyàn délẹ̀. Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pa èèyàn.

Gbogbo ọlọ́kadà ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Nígbà tó o bá fa búréèkì, ìwúwo máṣìn àti tìẹ á rọ́ síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́. Táyà tó ti fúyẹ́ ò lè dá nǹkan kan dúró, á kàn tì gbagidi á máa yọ̀ lọ ni, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí àwọn ọlọ́kadà tí ìdí máṣìn wọn ń yà sọ́tùn-ún yà sósì tí wọ́n bá fẹ́ dúró lójijì. Táyà iwájú ló ń di ilẹ̀ mú nígbà yẹn, òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró.

Nǹkan tó ń gbé èèyàn ṣubú ni kéèyàn já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tàbí kó fà á nígbà tí ọwọ́ máṣìn ṣì yí, tàbí lórí yẹ̀pẹ̀ àti láfún. Ẹ rọra fún un bí ọsàn tẹ́ ò fẹ́ kó bẹ́, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ lọ pápá bọ́ọ̀lù kan tí ilẹ̀ rẹ̀ le, ẹ sá 30, ẹ fi iwájú nìkan dúró, ẹ tún fi ẹ̀yìn nìkan dúró, ẹ wo ibi tí táyà dé lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mi ò ní bá yín jiyàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àmọ́ ẹni tó sọ pé búréèkì iwájú Boxer òun, dúrọ́ọ̀mù tó fara pa mọ́ sínú ni, kì í ṣe dísìkì tó hàn síta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù kì í mú tó dísìkì, tí omi bá sì wọ̀ ọ́ kì í mú rárá fún ìgbà díẹ̀. Fi àlàfo kún un, kó o sì ní kí mẹkáníìkì wo súù rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń há a mú nínú, kó tó di Sátidé, kì í ṣe láàárọ̀ Sátidé.

* * *

Ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì, mi ò rò pé ó yẹ ká ń sọ ọ́. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú wa dé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, àwọn kan gbé igbá borí, àwọn kan dé kòkò ọ̀dà, ayé rí wa nínú ìròyìn, wọ́n rẹ́rìn-ín wa títí. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí igbá, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí fóòmù inú rẹ̀ ò tó ìka. Ẹ tẹ inú rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, kó ní fóòmù líle, kí okùn àgbọ̀n rẹ̀ dáa, kó má sì máa yí lórí yín tẹ́ ẹ bá mirí. Ẹ wọ bàtà tó bo kókósẹ̀, àti ṣòkòtò jíńsì tó nípọn. Mo rí àwọn tó ń wọ sílípáàsì gun power bike olówó ńlá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ronú.

* * *

Ìwé. Pépà máṣìn, láísẹ́ǹsì, ìnṣọ́ránsì, nọ́mbà tó hàn ketekete. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá dá yín dúró, aṣáájú nìkan ló máa sọ̀rọ̀, ẹ yọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì kí wọ́n rí ojú yín, ẹ kí wọn dáadáa. Máṣìn mẹ́fà tó bá já dé lẹ́ẹ̀kan náà máa ń já èèyàn láyà, àwọn náà èèyàn ni.

Ẹ̀yin ará Èkó tó ní ẹ fẹ́ wá dara pọ̀ pẹ̀lú 150cc, ẹ mọ̀ pé láti oṣù kẹfà 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọkadà láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà àti Surulere wà níbẹ̀, wọ́n tún fi mẹ́rin kún un lóṣù kẹsàn-án ọdún náà. Kó tó dìgbà yẹn, òfin 2012 ti lé e kúrò lójú pópó 475. Tẹ́ ẹ bá ní ẹbí ní Ìbàdàn, ẹ kúkú ya máṣìn lọ́wọ́ wọn. Ìwà òmùgọ̀ ni kí wọ́n gba máṣìn lọ́wọ́ ẹni nílé nítorí fàájì.

* * *

Epo: Boxer àti Honda ń fi lítà kan rìn tó 40 kìlómítà dáadáa, torí náà tánkì tó kún á lọ á bọ̀. Power bike ni kó ṣọ́ra, epo tiwọn kì í pẹ́ tán. Ẹ kún tánkì ní Ìbàdàn, ẹ tún kún un ní Ìsẹ́yìn, kẹ́ ẹ má sọ pé ẹ máa rà á ní Máyà, èyí tí wọ́n ń tà nínú jálá létí ọ̀nà, Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n bù mọ́ ọn.

Ẹrù tó yẹ kí ẹni tó kẹ́yìn gbé ni póńpù ẹlẹ́sẹ̀, túùbù kan fún irú táyà kọ̀ọ̀kan, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì táyà yín mu (ẹ dán an wò nílé, ẹ má gbójú lé e pé ó máa wọ̀ ọ́), wáyà kílọ́ọ̀ṣì kan, plọ́ọ̀gì kan. Àwọn tó ń lẹ táyà wà láwọn ìlú, wọn ò sí láàárín oko. Ẹ wo ṣéènì yín lálẹ́ Fráídé, kó má le gan-in, kó má sì máa jó, kó ṣeé gbé sókè sódò díẹ̀ ní àárín.

* * *

Ẹni tó ní ṣé òun lè gbé ìyàwó òun sẹ́yìn. Tó bá wù ú, kí ló dé? Àmọ́ kó wọ ṣòkòtò, kó gba apá òsì gùn ún kó gba ibẹ̀ sọ̀, apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà, mélòó nínú wa ni kò ní àpá yẹn lójúgun? Sọ fún un kó má bá ẹ jà lórí kọ́nà, tí máṣìn bá tẹ̀, kó jẹ́ kí ara òun náà tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ẹni tí kò gbé èèyàn rìn rí, tó wá jẹ́ ọjọ́ yìí ló máa kọ́ ọ. Lọ gbé e yí àdúgbò ká ná.

Kí òun náà mọ̀ pé òkè Adó-Àwáyè kì í ṣe òkè eré o, àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ló wà ńbẹ̀ kẹ́ ẹ tó débi adágún. Ẹ mú bàtà tó fúyẹ́ dání, ẹ má fi bàtà máṣìn gùn ún. Ẹ bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gòkè, ẹ sanwó tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san, ẹ wá ẹni tó máa ṣọ́ máṣìn. Àwọn ọmọdé á yí i ká, ẹ sọ fún wọn pé sàlẹ́ńsà gbóná, ẹ má pariwo mọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ yín á máa gbọ̀n, ẹ jókòó díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun máṣìn. Ẹ má jẹ àjẹyó, oorun àmàlà lórí máṣìn ò dáa.

* * *

Àbúrò tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti padà wá, ó ní àwọn power bike ti gbà, Mọ́níyà ni wọ́n máa gbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì, pé eruku gbogbo wọn lẹni yẹn á jẹ, òun lá sì gbé póńpù.

Òótọ́ ni, pàápàá tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́. Ní tiwa, ẹni tó kẹ́yìn kì í sanwó oúnjẹ. Àwọn márùn-ún tó kù ló máa dá a, àmàlà, ẹran, àti ohun mímu tútù kan tí kì í ṣe ọtí. Ọ̀kan nínú wa máa ń ra wàrà mọ́ ọn lọ́wọ́ àwọn Fúlàní lọ́nà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ wo ẹni tó máa kọ́kọ́ nawọ́.